Láti Ìkẹjà sí Toronto: báwo ni ọ̀nà ṣe jìn tó, wákàtí mélòó sì ni?

Ìyá Oníṣòwò, Ìgbógbó

Mo kí gbogbo ará Ìkòròdú tó wà níbí, àti ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì tí ẹ máa ń bá wa dá sí ọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin ń lọ kàwé ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, nínú oṣù Kínní tó ń bọ̀, a sì ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Mo fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ òfurufú Pearson ní Toronto, mo sì wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú òpó àkọ́kọ́ ní 8,940, èkejì ní 5,555, ẹ̀kẹta ní 4,827. Wọ́n tún ní bàálù yóò lo nǹkan bíi wákàtí 11 lófurufú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa sọ pé ìrìn-àjò náà yóò lé ní ogún wákàtí. Àlàfo wákàtí mẹ́wàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Ìpakòdò

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò ọmọ o, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kó lọ ire, kó bọ̀ ire. Ti nọ́ńbà mẹ́ta yẹn kò le rárá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n, ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Kìlómítà ni 8,940. Máìlì tí a mọ̀ lójú títì ni 5,555, nítorí pé mítà 1,609 ló wà nínú máìlì kan. Èyí tó kéré jù, 4,827, jẹ́ máìlì àwọn awakọ̀ ojú òkun àti ti òfurufú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 1,852. Àwọn awakọ̀ òfurufú kò fi máìlì yẹn sílẹ̀ títí di òní, òun náà ni wọ́n sì fi ń ka eré bàálù. Ojú òpó tó bá gbé nọ́ńbà kalẹ̀ láìsọ irú ìwọ̀n tó lò, ẹ pa á tì.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ẹ̀pẹ́

Òótọ́ ni arákùnrin wa ti Ìpakòdò sọ. Mo kàn fẹ́ fi ìdí tí máìlì àwọn awakọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yìí ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n pín ìyípo ayé sí dígírì 360, wọ́n tún pín dígírì kọ̀ọ̀kan sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú, wọ́n sì mú gígùn ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ ayé gẹ́gẹ́ bíi máìlì kan. Nípa bẹ́ẹ̀, dígírì kan jẹ́ ọgọ́ta máìlì àwọn awakọ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111.

Ẹni tó bá ti mọ èyí lè ṣírò ọ̀nà Èkó sí London láìṣí fóònù rẹ̀ rárá. Ìkẹjà wà ní nǹkan bíi dígírì 6.6 lókè ìlà agbedeméjì ayé, Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London, sì wà ní nǹkan bíi dígírì 51.5. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òró kan náà, ìyẹn ìlà tó lọ láti àríwá ayé dé gúúsù, torí pé díẹ̀ báyìí ni London fi yà sí apá ìwọ̀-oòrùn wa. Ẹ yọ 6.6 kúrò nínú 51.5, yóò ku 44.9, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 111, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 5,000 kìlómítà, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo ayé. Ó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì lẹ́nu pé ìyọkúrò lásán lè mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde.

Toronto kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó jìnnà sí wa ní ìbú, ó tún jìnnà sí wa ní òró. Ó fi dígírì 37 wà lápá àríwá wa, ó sì fi nǹkan bíi dígírì 83 wà lápá ìwọ̀-oòrùn wa. A kò kàn lè pa dígírì méjèèjì pọ̀, nítorí pé ńṣe ni àwọn ìlà òró ń súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ, títí wọn yóò fi pàdé ní ìkangun àríwá ayé: dígírì kan sí ìwọ̀-oòrùn lé ní kìlómítà 110 níbi tí a wà yìí, ṣùgbọ́n ní Toronto nǹkan bíi kìlómítà 80 péré ni. Ìṣirò onígun mẹ́ta ti orí ohun roboto ni wọ́n fi ń mú un, dígírì 80 ó lé díẹ̀ ló sì ń jáde, òun ló di 8,940 kìlómítà tí ìyá wa rí.

Bí ẹ bá ní àwòrán ayé roboto nílé, ẹ na òwú láti Èkó dé Toronto kí ẹ fà á le dáadáa. Ojú ibi tí òwú náà bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ. Ẹ ó rí i pé ó gba orí orílẹ̀-èdè Benin, ó kọjá ní Burkina Faso, Mali àti Mauritania, kó tó já sí Òkun Àtìláńtíìkì nítòsí Dakhla ní Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà.

Ará Àgbádárìgì

Olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín jiyàn sí. Mo fi rúlà sórí àwòrán ayé ńlá tó wà lára ògiri ọ́fíìsì wa, láti Èkó dé Toronto. Ìlà mi já sí òkun nítòsí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó jìnnà sí Dakhla tí ẹ dárúkọ. Rúlà kì í parọ́. Kí ló dé tí bàálù yóò fi fi ọ̀nà tó gún sílẹ̀, tí yóò lọ máa rìn nínú aṣálẹ̀?

Mo tún fẹ́ bi yín léèrè ohun mìíràn tí àwa tí a wà létí ibodè máa ń rò. Ṣé kò ní dára kí ará Àgbádárìgì gba Sẹ̀mẹ̀ lọ wọ bàálù ní Kútọnu, dípò kó lọ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 àti Òṣòdì?

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ẹ̀pẹ́

Rúlà yín kò parọ́, àwòrán tí ẹ gbé e lé lórí ló parọ́. Irú àwòrán ayé bẹ́ẹ̀ ni Gerardus Mercator gbé jáde ní ọdún 1569 fún àwọn atukọ̀ ojú òkun, kí wọ́n lè di ojú ibì kan mú lórí kọ́ńpáàsì kí wọ́n sì máa lọ láìyí padà. Kí ìyẹn tó lè ṣeé ṣe, ó ní láti na gbogbo ilẹ̀ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ayé ju bí wọ́n ṣe tóbi lọ, ìdí nìyẹn tí Greenland fi dà bí ẹni tó fẹ́ gbórí lọ́wọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Bí bàálù bá tẹ̀lé ìlà rúlà yín, yóò rin nǹkan bíi kìlómítà 9,120. Àǹfààní ọ̀nà Dakhla kò tó 200 kìlómítà, mo sì gbà pé ìyẹn kò pọ̀. Ìdí tó fi kéré bẹ́ẹ̀ ni pé a súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Fún àwọn tí ìlú méjèèjì wọn wà lókè lọ́hùn-ún, ìyàtọ̀ náà máa ń pọ̀ gan-an, òun ló fà á tí bàálù láti London sí Los Angeles fi máa ń gba apá Greenland, tí ẹni tó jókòó létí fèrèsé yóò máa wo yìnyín.

Ní ti Kútọnu, ní ìlà tààrà, Àgbádárìgì fi nǹkan bíi kìlómítà 50 jìnnà sí Ìkẹjà, ó sì fi nǹkan bíi 55 jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Kútọnu. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àárín gbùngbùn. Ìyókù di ọ̀rọ̀ ibodè àti ìwé ìrìnnà, ẹ̀yin lẹ sì mọ ìyẹn jù mí lọ.

Onítíkẹ́ẹ̀tì, Sábó

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti àkókò, nítorí pé òun ni iṣẹ́ mi. Nínú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Toronto tí mo ń tà, kò sí ọ̀kan tó lọ tààrà. Ìyẹn ni pé wákàtí 11 tí ìyá wa rí jẹ́ ti bàálù tí ọmọ wọn kò ní wọ̀. Kọ̀ǹpútà ló kàn mú 8,940 kìlómítà, tó fi nǹkan bíi 850 kìlómítà fún wákàtí kan pín in, tó sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ẹ ṣe é fúnra yín, wákàtí 11 ni ẹ ó rí.

Ibi tí èrò bá yà sí ló ń sọ bí ọ̀nà rẹ̀ yóò ṣe jìn tó. Bó bá gba New York, Èkó sí New York jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 8,440, New York sí Toronto jẹ́ nǹkan bíi 590. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,030, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀nà tààrà lọ. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kódà bó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kọjá ni, nítorí náà ọ̀pọ̀ oníbàárà mi kì í yà síbẹ̀. Bó bá gba London, 5,000 àti 5,710, ó di 10,710. Bó bá gba Addis Ababa, yóò kọ́kọ́ rin nǹkan bíi 3,920 kìlómítà sí ìlà-oòrùn, kó tó yí padà rin nǹkan bíi 11,500 sí ìwọ̀-oòrùn, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 15,420. Ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn! Síbẹ̀, mo ń ta á, torí pé nígbà mìíràn owó rẹ̀ máa ń dínkù sí ti àwọn tó kù. Iye owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í tẹ̀lé iye kìlómítà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ń tẹ̀lé e.

Ìyá wa, ẹ gbé àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi hàn yín wá síbí, ká jọ kà á.

Ìyá Oníṣòwò, Ìgbógbó

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀nà London ni. Yóò kúrò ní Ìkẹjà ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, yóò dé London ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò tún gbéra níbẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, yóò sì dé Toronto ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà. Bí mo ṣe kà á, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ààbọ̀ ni. Ó tún yàtọ̀ sí mọ́kànlá, ó tún yàtọ̀ sí ogún. Àti pé báwo ni London sí Toronto ṣe lè jẹ́ wákàtí mẹ́ta, nígbà tí ẹ ní ọ̀nà rẹ̀ ju ti Èkó sí London lọ?

Onítíkẹ́ẹ̀tì, Sábó

Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, mà. Nínú oṣù Kínní, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, Toronto sì fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí ọmọ yín bá dé Toronto ní aago mẹ́ta ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù ní Ìgbógbó. Láti mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ àná dé mẹ́sàn-án alẹ́ òní jẹ́ wákàtí mọ́kànlélógún ààbọ̀, òun sì ni òótọ́ ibẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni yóò fi dé London, yóò dúró fún wákàtí méje, yóò sì tún lo wákàtí mẹ́jọ dé Toronto. Ẹni tó fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín kò tàn yín jẹ.

Ẹ tún kíyè sí i pé bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, bí oṣù Keje, aago London àti ti wa yóò jẹ́ ọ̀kan náà, Toronto yóò sì fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn, torí pé wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú, àwa kì í sún tiwa. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti inú òfurufú nìkan. Láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò lẹ́nu géètì títí dìgbà tó bá dúró lẹ́nu géètì kejì ni wọ́n ń kà, pẹ̀lú gbogbo rírìn nílẹ̀ àti dídúró de ààyè láti gbéra.

Ọmọ Ìpakòdò

Ẹ̀gbọ́n onítíkẹ́ẹ̀tì, mo fi ìṣirò tí ẹ kọ́ wa dán an wò. Èkó sí London bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n London sí Toronto kọ̀: 5,710 tí a fi 850 pín, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ju wákàtí méje ó lé ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ, ẹ sì ní mẹ́jọ. Níbo ni ìyókù wọlé sí?

Àgbà Òṣìṣẹ́, Odògùnyàn

Ìyípo ayé ni, àbúrò mi. Ayé ń yí lábẹ́ bàálù nígbà tó wà lókè, nítorí náà Toronto ń sá fún un.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọ̀wọ̀ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ayé ń yí. Bó bá jẹ́ pé ayé ń yí lábẹ́ bàálù lóòótọ́, Toronto ìbá máa bọ̀ wá pàdé rẹ̀ ni, ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ni ìbá sì yá jù. Òdìkejì rẹ̀ là ń rí. Afẹ́fẹ́ tí bàálù ń fò nínú rẹ̀ ń bá ayé yí papọ̀, bí ilẹ̀ àti òkun ṣe ń bá a yí.

Afẹ́fẹ́ kan náà ló fa wákàtí tó sọnù. Ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sókè, lórí Àtìláńtíìkì ti apá àríwá, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Eré rẹ̀ máa ń lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà fún wákàtí kan, ó sì máa ń le sí i nígbà òtútù, ìyẹn nínú oṣù tí ọmọ náà ń lọ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakòdò sí Erékùṣù Èkó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kan náà kì í gbé ọkọ̀ sáré bákan náà nígbà tí omi bá ń tì í àti nígbà tó bá dojú kọ omi. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yìí bá ń bọ̀ wá sílé, Toronto sí London kò ní gbà ju nǹkan bíi wákàtí méje lọ. Nínú oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì ńlá kan jà, bàálù British Airways kan fi wákàtí mẹ́rin ó lé ìṣẹ́jú 56 fò láti New York dé London, ọ̀nà tó máa ń gba wákàtí mẹ́fà sí méje ní ọjọ́ mìíràn.

Àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú ní Gander ní Kánádà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní apá Yúróòpù máa ń wo afẹ́fẹ́ yìí lójoojúmọ́, wọ́n á sì la ọ̀nà tuntun sórí òkun fún bàálù. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà yóò yẹra fún un, ẹni tó ń bọ̀ yóò gùn ún. Ọ̀nà tó kúrú jù lórí àwòrán lè má jẹ́ ọ̀nà tó yá jù lọ́jọ́ yẹn. Ti Èkó sí London kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ náà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ bàálù ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ tì í, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró, òun ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò fi jìnnà síra.

Ará Àgbádárìgì

Mo gbà fún olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣèlú kún un, nítorí pé òun náà máa ń mú ọ̀nà gùn. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa nínú oṣù Kẹjọ, wọn kò sì ṣí i títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀nà tó kúrú jù láti Èkó sí London gba orí Niger yẹn kọjá, lẹ́yìn náà ló ń wọ Algeria, tó ń kọjá Òkun Mẹditaréníà sí Faransé. Àwọn bàálù ní láti yí gba ibòmíràn, àkókò sì gùn. Kìlómítà inú ìṣirò kò yí padà lóṣù náà o, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ló yí padà.

Onítíkẹ́ẹ̀tì, Sábó

Ẹ ṣeun tí ẹ rántí ìyẹn. Mo tún fẹ́ kí ìyá wa fi ọ̀rọ̀ ọyẹ́ sọ́kàn, nítorí pé oṣù Kínní ni. Bí eruku bá bo Ìkẹjà mọ́lẹ̀, bàálù tó ń bọ̀ láti òkèèrè lè má tètè balẹ̀, tíyín kò sì ní gbéra lásìkò. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kórìíra wákàtí méje tí ọmọ yín yóò fi dúró ní London. Ẹni tí wọ́n bá fún ní wákàtí kan péré láti wọ bàálù kejì ni kó máa gbàdúrà. Ẹ tún béèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló bo ìrìn méjèèjì, nítorí pé bó bá jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ẹni tó ni ti èkejì lè sọ pé kò kan òun.

Ìyá Oníṣòwò, Ìgbógbó

Mo ti pè é, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni. A ó san án lọ́la. Ó ku ìbéèrè kan: aago mélòó ni ká kúrò nílé?

Ọmọ Ìpakòdò

Láti Ìkòròdú sí pápákọ̀ òfurufú yẹn, ní ìlà tààrà, kìlómítà ogún ó lé díẹ̀ ni, mà. Bàálù ìbá fò ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n Mile 12, Kétu, Òjótà àti Maryland wà lójú ọ̀nà, kò sì sí ìṣirò roboto tó mọ ti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ní Kétu.

Onítíkẹ́ẹ̀tì, Sábó

Ẹ fojú sí i pé kí ọmọ náà wà lórí ìlà àyẹ̀wò ẹrù ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, ìyẹn wákàtí mẹ́rin ṣáájú. Ẹ kúrò ní Ìgbógbó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ kúrò ní aago mẹ́ta.

Ìyá Oníṣòwò, Ìgbógbó

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Aago méjì la ó kúrò.